Ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan àbọ̀

Ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan àbọ̀ jẹ́ àìsàn tí ó máa ń wáyé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dì nínú ọ̀kan lára àwọn iṣan tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú àwọn iṣan ńlá tí ó wà ní jíjìn nínú ẹran ẹsẹ̀, itan àti ìbàdí, orúkọ tí àwọn dókítà sì mọ̀ ọ́n sí ni DVT. Bí ègé kan bá já kúrò lára ẹ̀jẹ̀ tí ó dì náà, yóò bá ìṣàn ẹ̀jẹ̀ lọ títí yóò fi dé ẹ̀dọ̀fóró, yóò sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní PE, òun gan-an ni ó sì ń pa ènìyàn. Àìsàn kan náà ni DVT àti PE. Ibi tí wọ́n ti fara hàn ni ó yàtọ̀. Nínú gbogbo àìsàn tó jẹ mọ́ ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀, òun ni ó ṣe ìkẹta nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ, lẹ́yìn ìkọlù ọkàn òjijì àti àrùn rọpárọsẹ̀. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ka iye rẹ̀ dáadáa, ènìyàn 1 sí 2 nínú 1,000 ni ó ń ní in lọ́dọọdún.

Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń padà sí ọkàn

Oríṣi iṣan ńlá méjì ni ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri ara. Iṣan àlọ ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn lọ sí gbogbo ara; ògiri rẹ̀ nípọn, agbára ọkàn ni ó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ síwájú. Iṣan àbọ̀ ni ó ń dá ẹ̀jẹ̀ náà padà. Ògiri tirẹ̀ fẹ́lẹ́, agbára tí ó sì kù lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ó bá fi máa dé ibẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àyà, bí omi tí wọ́n ń fà jáde láti inú kànga.

Ẹran ẹsẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ fífà yìí. Nígbàkígbà tí ènìyàn bá gbé ẹsẹ̀, ẹran tí ó wà lẹ́yìn ojúgun yóò súnkì, yóò fún iṣan àbọ̀ tí ó gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹ̀jẹ̀ yóò sì ta sókè. Nínú iṣan náà ni àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké wà tí ó jẹ́ pé òkè nìkan ni wọ́n ń ṣí sí, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gòkè tún padà wálẹ̀. Hieronymus Fabricius, oníṣègùn ará Ítálì, ṣe àpèjúwe àwọn ìlẹ̀kùn wọ̀nyí ní ọdún 1603, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí wọ́n wà fún ní tòótọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, William Harvey ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó lò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1628 pé ńṣe ni ẹ̀jẹ̀ ń yí po nínú ara láìdúró.

Nígbà tí ènìyàn bá jókòó sójú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tàbí tí ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn fún ọjọ́ mélòó kan, iṣẹ́ ẹran ẹsẹ̀ yìí ti dáwọ́ dúró nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ yóò máa falẹ̀, yóò sì máa rọ́ sí ẹ̀yìn àwọn ìlẹ̀kùn náà gẹ́gẹ́ bí omi odò ṣe ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ àpáta. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn wọ̀nyí gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì.

Ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì

Dídì ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá gé ènìyàn lọ́wọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ kéékèèké tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yóò sáré kóra jọ sójú egbò, wọn yóò lẹ̀ mọ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà, okùn tín-ín-rín kan tí wọ́n ń pè ní fáíbírìn yóò hun ara rẹ̀ bí àwọ̀n apẹja lé wọn lórí, ẹ̀jẹ̀ yóò sì dá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dì lè kú nítorí eyín kan tí wọ́n yọ. Nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà ni àwọn èròjà mìíràn wà tí ń tú àwọ̀n yìí ká nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti parí, àti àwọn tí kì í jẹ́ kí ó hun ara rẹ̀ níbi tí kò yẹ. Ìgbà tí ìwọ̀n bá tẹ̀ sí apá kan ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ là á yé ayé bí ọ̀ràn náà ṣe rí ni Rudolf Virchow, oníṣègùn ará Jámánì tí wọ́n bí ní ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1821. Kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ oníṣègùn gbà pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ dídì tí wọ́n ń rí nínú òkú ti ń bẹ̀rẹ̀. Virchow yẹ òkú púpọ̀ wò ní Berlin. Ó tún fi ègé rọ́bà sínú iṣan àbọ̀ àwọn ajá, nígbà tí ó sì ṣí àyà wọn, inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó ti bá àwọn ègé náà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mọ̀ pé àlejò ni ẹ̀jẹ̀ dídì inú ẹ̀dọ̀fóró, ibòmíràn ni ó ti wá. Ọjọ́ ìbí Virchow ni wọ́n fi ṣe Ọjọ́ Ẹ̀jẹ̀ Dídì Lágbàáyé, tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 2014.

Ohun mẹ́ta tí wọ́n so mọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń ṣàlàyé àìsàn yìí títí di òní: kí ẹ̀jẹ̀ má rìn bí ó ti yẹ, kí ògiri iṣan fara pa, àti kí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ yí padà débi tí yóò fi máa tètè dì. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó láti dá àìsàn sílẹ̀. Bí ìyá àgbà kan bá ṣubú tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́, egungun tí ó ṣẹ́ lè ṣe iṣan lọ́ṣẹ́, ọgbẹ́ náà yóò mú kí ara máa pèsè èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní lè dìde. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pé. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà eegun fi ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ dídì ju ọ̀pọ̀ dókítà mìíràn lọ.

Àwọn tí ó wà nínú ewu

Nǹkan bí ìdajì gbogbo àwọn tí àìsàn yìí ń ṣe ni ó jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni wọ́n wà, tàbí tí wọn kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tí wọ́n kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ńlá, pàápàá ti ìbàdí àti ti orúnkún, wà ní iwájú nínú ohun tí ń fà á. Àrùn jẹjẹrẹ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè máa dì, àwọn oògùn kan tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ sì ń fi kún un. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tí ó ní èròjà estrogen, ara sísan jù, ọjọ́ orí, àti pé kí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn tàbí sí ẹbí rẹ̀ rí. Láti ọdún 2020, àwọn oníṣègùn rí i pé àrùn COVID-19 tí ó bá le náà máa ń mú ẹ̀jẹ̀ dì.

Ọ̀rọ̀ aláboyún yẹ fún àlàyé díẹ̀ sí i. Bí ọjọ́ ìbí ṣe ń sún mọ́, ara obìnrin máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ túbọ̀ tètè máa dì, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa gbẹ lára rẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Ààbò ni, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Ilé ọmọ tí ó ń tóbi tún ń tẹ àwọn iṣan àbọ̀ tí ó wà ní ìbàdí. Nítorí pé iṣan àlọ ẹsẹ̀ ọ̀tún gba orí iṣan àbọ̀ ẹsẹ̀ òsì kọjá níbẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ni ó sábà máa ń wú jù. Ewu ẹ̀jẹ̀ dídì fún aláboyún tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti obìnrin tí kò lóyún, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ ni ó sì ga jù, pàápàá fún ìyá tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún. Serena Williams, gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù tẹníìsì ará Amẹ́ríkà, ti ní ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró rí ní ọdún 2011. Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2017, kò lè mí dáadáa lọ́jọ́ kejì. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀jẹ̀ ti dì lára òun, ó sì dárúkọ àyẹ̀wò tí òun ń fẹ́ àti oògùn rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n wá ya àwòrán àyà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ dídì kéékèèké mélòó kan nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ìgbà kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn ń sọ pé àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn dúdú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní ìlú Leiden ní orílẹ̀-èdè Netherlands ṣàwárí àbùdá kan ní ọdún 1994 tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tí nǹkan bí 5 nínú 100 àwọn ará Yúróòpù ní, tí ó sì ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà, ó dà bí ẹni pé èrò náà ti fìdí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kà ní Amẹ́ríkà sọ òdìkejì rẹ̀: àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ní àìsàn yìí ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ohun tí kò sí àyẹ̀wò fún ni wọ́n ń pè ní ohun tí kò sí.

Àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde náà wà lára ohun tí ń fà á, nítorí pé ó ń ṣe ògiri iṣan lọ́ṣẹ́, ó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn náà jù lọ lágbàáyé. Àwọn tí jínótáìpù wọn jẹ́ AS, tí kò sí àìsàn lára wọn, pàápàá ní ewu ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró díẹ̀ ju àwọn tí ó jẹ́ AA lọ.

Ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn

Ní ọdún 1940, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí London, àwọn ará ìlú ń sùn lórí àga nínú ihò ààbò láti alẹ́ títí di òwúrọ̀. Dókítà Keith Simpson, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyẹ òkú wò, ṣàkíyèsí pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dídì inú ẹ̀dọ̀fóró ń pa lójijì ń pọ̀ sí i, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún náà. Etí àga ni ó ń tẹ iṣan ẹ̀yìn itan wọn. Kì í ṣe òfuurufú, bí kò ṣe ìjókòó, ni ó ń fa ohun tí àwọn kan ń pè ní àìsàn ọkọ̀ òfuurufú lónìí.

Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2007 fi hàn pé ìrìn-àjò tó gba wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń sọ ewu náà di ìlọ́po méjì, yálà nínú ọkọ̀ òfuurufú, bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin tàbí mọ́tò. Síbẹ̀ ewu náà kò ga: nǹkan bí ènìyàn 1 nínú 6,000 ni ó ń kàn lẹ́yìn ìrìn-àjò tó ju wákàtí mẹ́rin lọ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Láti Èkó sí London tó wákàtí mẹ́fà, láti Èkó sí New York sì ju mẹ́wàá lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ le kò ní púpọ̀ láti bẹ̀rù. Ìyá tí ó lọ ṣe ìtọ́jú ọmọ-ọmọ ní òkè òkun, tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ó sanra, tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní orúnkún, ni ó yẹ kí ó rí dókítà kí ó tó wọ ọkọ̀.

Àmì àìsàn náà

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wú. Yóò máa dunni, ibi tí ó wú yóò gbóná ju ẹsẹ̀ kejì lọ, ẹran ẹ̀yìn ojúgun yóò sì le. Ìwé òyìnbó púpọ̀ ń sọ pé ẹsẹ̀ náà yóò pọ́n, ṣùgbọ́n lára ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, ó lè jẹ́ pé ńṣe ni yóò kàn dúdú sí i tàbí kí ó máa dán, kí pípọ́n rẹ̀ má sì hàn rárá. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá jọ wú, ọkàn, kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ ni dókítà yóò kọ́kọ́ ronú kàn. Jàbùtẹ́ kì í dé lójijì; ọ̀pọ̀ oṣù tàbí ọdún ni ó fi ń wú. Ẹ̀jẹ̀ dídì máa ń wú láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá dé ẹ̀dọ̀fóró, èémí yóò há lójijì. Àyà lè máa dunni bí ìgbà tí wọ́n ń fi nǹkan gún un, pàápàá bí ènìyàn bá mí sínú. Ọkàn yóò máa lù kíkankíkan. Àwọn kan ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, àwọn mìíràn ń dákú. Ọ̀ràn pàjáwìrì ni, wákàtí tí wọ́n bá fi dúró lè jẹ́ wákàtí ìkẹyìn. Ohun tí ó mú kí ó burú ni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kò ní wú rárá kí èyí tó ṣẹlẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé èémí tí ó há ni àmì àkọ́kọ́.

Nílẹ̀ Yorùbá, bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá ṣàdédé wú, kò ṣọ̀wọ́n kí àwọn ará ilé sọ pé ó ti tẹ nǹkan lójú ọ̀nà. Òmíràn yóò ní làkúrègbé ni, wọn yóò sì fi òrí tàbí àdí wọ́ ọ kíkankíkan. Ìgbàgbọ́ àkọ́kọ́ ń fa ìdádúró, ó sì lè jẹ́ pé ìdádúró náà ni yóò pani. Wíwọ́ ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ dì sí nínú léwu ní tirẹ̀, nítorí pé ó lè já ẹ̀jẹ̀ dídì náà kúrò níbi tí ó wà. Òrí kò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ tí ń tẹ̀ ẹ́ ni àwọn dókítà ń kìlọ̀ fún.

Àyẹ̀wò

Ojú lásán kò lè dá àìsàn yìí mọ̀ dájú, ti dókítà náà kò sì lè dá a mọ̀. Dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè láti mọ bí ó ti ṣeé ṣe tó pé òun ni. Bí kò bá jọ bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní D-dimer wà, èyí tí ń wá èérún àwọ̀n fáíbírìn tí ara ti ń tú ká. Bí kò bá sí èérún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kò sí ẹ̀jẹ̀ dídì. Ṣùgbọ́n bí èérún bá wà, kò tíì fi ohun kan múlẹ̀, nítorí pé oyún, ọgbẹ́, ibà àti ọjọ́ ogbó lè mú un wá.

Àyẹ̀wò tí ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ fún ẹsẹ̀ ni ti ẹ̀rọ tí ń fi ìró ya àwòrán, èyí kan náà tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún. Ọgbọ́n rẹ̀ rọrùn. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ yóò fi ẹ̀rọ náà tẹ iṣan àbọ̀ láti òkè ẹsẹ̀. Iṣan tí ó mọ́ yóò pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ bá dì sí nínú kò ní tẹ̀. Fún ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀rọ CT ni wọ́n ń lò, wọn yóò sì fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ èròjà kan tí yóò mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn kedere nínú àwòrán. Ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ tí ń fi ìró ya àwòrán wà ní ọ̀pọ̀ ìlú, ṣùgbọ́n CT ṣọ̀wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, àpò ara wọn sì ni ọ̀pọ̀ aláìsàn fi ń san owó rẹ̀. Bí ọkàn dókítà bá ti lágbára pé ẹ̀jẹ̀ dídì ni, ìlànà gbà pé kí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn kí èsì tó jáde.

Ìtọ́jú

Àwọn oògùn pàtàkì tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ kì í yọ́ ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì. Iṣẹ́ wọn ni láti má jẹ́ kí ó tóbi sí i àti láti má jẹ́ kí òmíràn dì. Ara fúnra rẹ̀ ni yóò máa tú èyí tó wà nílẹ̀ ká díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kò mọ èyí. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn bá fà wálẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọn yóò pa oògùn tì. Oṣù mẹ́ta ni àkókò tó kéré jù. Bí ohun tí ó fa àìsàn náà bá ti kọjá lọ, bí iṣẹ́ abẹ tàbí oyún, wọ́n lè dáwọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá sí ìdí kan pàtó, tàbí bí ó bá ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, dókítà lè ní kí wọ́n máa lò ó lọ láìní gbèdéke.

Heparin ni àgbà nínú wọn. Jay McLean, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Baltimore, ni ó ṣalábàápàdé irú èròjà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1916, nígbà tí ohun mìíràn ni ó ń wá; ọ̀gá rẹ̀, William Howell, ni ó sọ èyí tí wọ́n rí nínú ẹ̀dọ̀ ajá ní orúkọ tó ń jẹ́, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ẹ̀dọ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gbà á. Ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń yọ ọ́ jáde lóde òní, ohun tí ó yẹ kí aláìsàn tó jẹ́ Mùsùlùmí mọ̀; fondaparinux, tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ tirẹ̀, kò ní ohun ẹranko kankan nínú.

Ìtàn warfarin ṣàjèjì ju ìyẹn lọ. Ní àwọn ọdún 1920, ẹ̀jẹ̀ ń gbẹ lára àwọn màlúù títí wọ́n fi ń kú ní Kánádà àti ní àríwá Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé koríko gbígbẹ kan tí ó ti hu ni wọ́n jẹ. Ní ọdún 1933, nígbà tí yìnyín ń bọ́, àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin gbé òkú màlúù, koríko náà àti agolo ẹ̀jẹ̀ tí kò dì wá bá onímọ̀ kẹ́míkà Karl Paul Link ní yunifásítì. Link àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ọdún mẹ́fà wá ohun tó wà nínú koríko náà kí wọ́n tó rí i. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe warfarin, tí wọ́n kọ́kọ́ tà gẹ́gẹ́ bí oògùn eku ní ọdún 1948. Ní ọdún 1954 ni wọ́n fọwọ́ sí i fún ènìyàn, ní ọdún tó tẹ̀ lé e sì ni wọ́n fún Ààrẹ Eisenhower ti Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí ọkàn rẹ̀ kọ iṣẹ́ lójijì.

Ní ọdún 1960 ni ẹ̀rí tó dájú wá pé àwọn oògùn yìí ń gba ẹ̀mí là. Barritt àti Jordan, dókítà méjì ní ìlú Bristol, pín àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró sí ọ̀nà méjì. Nínú àwọn 19 tí wọn kò fún ní oògùn, ẹ̀jẹ̀ dídì pa 5. Nínú àwọn 16 tí wọ́n fún, kò pa ẹnì kan. Wọn kò tún lè fi oògùn náà du ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ìyẹn.

Warfarin kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó gba àmójútó. Ẹni tí ń lò ó gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní INR léraléra. Ti ẹni tí kò lo oògùn jẹ́ nǹkan bí 1, ibi tí wọ́n sì ń fẹ́ kí ti aláìsàn wà ni 2 sí 3. Bí ó bá kéré, ẹ̀jẹ̀ lè tún dì. Bí ó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà níbi tí kò yẹ. Fítámì K ni oògùn náà ń bá jà, inú ewébẹ̀ ni fítámì yìí sì pọ̀ sí: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewúro. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí aláìsàn má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń sọ. Kí iye tí ó ń jẹ lọ́sẹ̀ yìí má yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni dókítà ń fẹ́. Àgbo tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ó léwu jù, pẹ̀lú àwọn oògùn ara ríro bí aspirin àti ibuprofen. Gbígba abẹ́rẹ́ nídìí ní kẹ́míìsì kò dára fún ẹni tí ń lo irú oògùn yìí, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú ẹran. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ìtọ̀ tí ó ní ẹ̀jẹ̀ àti orí fífọ́ líle lójijì jẹ́ ìdí láti sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Láti ọdún 2008 ni àwọn oògùn tuntun bíi dabigatran, rivaroxaban àti apixaban ti ń wọ ọjà. Wọn kò nílò INR, ẹ̀fọ́ kò sì dí wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n ju warfarin lọ. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ lò wọ́n, warfarin pẹ̀lú lè ba ọmọ inú jẹ́. Heparin, tí kì í dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ni tiwọn. Ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú lè lo warfarin tàbí heparin.

Nígbà tí PE bá pọ̀ débi tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fi ń já wálẹ̀, dókítà lè lo oògùn alágbára tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ní tòótọ́, tàbí kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ yọ ọ́. Friedrich Trendelenburg ní Jámánì gbìyànjú irú iṣẹ́ abẹ yìí ní ọdún 1908, àwọn aláìsàn rẹ̀ kò yè é. Martin Kirschner, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ ṣe é tí aláìsàn sì yè, ní ọdún 1924.

Àwọn àìsàn iṣan àbọ̀ mìíràn

Lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá ti lọ, àwọn ìlẹ̀kùn inú iṣan lè má dára mọ́. Ó kéré tán, ẹnì kan nínú márùn-ún ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa wú, tí yóò máa wúwo ní ìrọ̀lẹ́, tí awọ rẹ̀ yóò sì máa dúdú lẹ́bàá ọrùn ẹsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní òpin rẹ̀, egbò lè yọ ní ẹ̀gbẹ́ inú ọrùn ẹsẹ̀, ọ̀kan lára ohun tí Yorùbá ń pè ní egbò àdáàjinná. Títú oògùn kápúsù sójú irú egbò bẹ́ẹ̀ kò kan ohun tí ó fà á, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí kò gòkè ni ó ń bà á jẹ́. Báńdéèjì tí wọ́n dì le láti ìdí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ títí dé abẹ́ orúnkún ni ó ń wò ó, bí nọ́ọ̀sì bá ti kọ́kọ́ rí i dájú pé iṣan àlọ ẹsẹ̀ náà dára. Bí iṣan àlọ bá ti ní àbùkù, báńdéèjì yẹn lè pa ẹsẹ̀.

Iṣan tó wú, tó lọ́ bí ejò lábẹ́ awọ, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ dídì. Ìlẹ̀kùn tó bàjẹ́ nínú iṣan òkè ara ni ó ń fà á, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin tó ti bímọ púpọ̀ àti àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìdúró, bí olùkọ́ àti òǹtajà. Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ ń dín ìnira rẹ̀ kù. Bí ó bá le, wọ́n lè fi iná ẹ̀rọ tàbí abẹ́rẹ́ dí iṣan náà pa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì nínú irú iṣan òkè ara bẹ́ẹ̀, yóò le bí okùn, yóò sì máa dunni. Ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀, àfi bí ó bá sún mọ́ ìpìlẹ̀ itan, níbi tí iṣan òkè ti wọnú iṣan ńlá.

Ìdènà

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń fún ẹni tí ewu rẹ̀ ga ní abẹ́rẹ́ heparin díẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ń gbé e dìde láti rìn ní kété tí ó bá lè dúró. Ó yẹ kí ìyá ìkókó náà máa rìn nínú ilé bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Nínú ọkọ̀, dídìde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, gbígbé gìgísẹ̀ sókè sódò àti mímu omi tó ń ṣe ìrànlọ́wọ́. Oògùn oorun kò ṣe é, nítorí pé ẹni tó sùn fọnfọn kì í mi ẹsẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ìrìn-àjò tí kò kọjá orúnkún wà fún àwọn tí ewu wọn ga, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ẹsẹ̀ kí wọ́n tó rà á, nítorí pé èyí tó bá ká jọ lẹ́yìn orúnkún yóò máa so iṣan náà bí okùn.